Ẹ Bi Oníṣẹ́ Rédíò: Ariwo Ṣìì Nínú Hẹ́dífóònù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mí ní Ọ̀fà. Mo ṣe ańpílífáyà kékeré fún hẹ́dífóònù, IC TDA2822M (ègé ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn sókè) ni mo lò, fólíùmù rẹ̀ jẹ́ 100k (ohm ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún). Bátìrì fóònù àtijọ́ ló ń gbé e, mo sì fi bọ́ọ̀sìtà MT3608 sọ fóltì rẹ̀ di 9, torí wọ́n ní bí fóltì bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ṣe ń dára tó. Ó ń dún sókè dáadáa. Àmọ́ bí orin bá dákẹ́, á máa ṣe ṣìììì létí mi, fííí tín-ín-rín kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìpè bá fẹ́ wọlé, á ti máa lu tà-tà-tà kí fóònù tó dún rárá. Bátìrì tí mo ṣáájì kún lálẹ́ Ọjọ́ Ajé kì í rí ọ̀sán Ọjọ́rú, lóòótọ́ mo máa ń gbàgbé láti pa á. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Ọmọ Ọ̀fà

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ara bọ́ọ̀sìtà yẹn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Yọ ọ́ dànù.

Ta ló sọ fún ẹ pé fóltì púpọ̀ ló ń mú ohùn dára? Láti fóltì 1.8 ni TDA2822M ti ń ṣiṣẹ́. Lórí hẹ́dífóònù ohm 32, fóltì 3 á fún etí kọ̀ọ̀kan ní mílíwáàtì 20, fóltì 9 á fún un ní 300. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù ló jẹ́ pé mílíwáàtì 1 péré ló máa gbé ohùn wọn dé nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100, ìyẹn sì ti pọ̀ fún etí tó bá fẹ́ dàgbà. Kí lo fẹ́ fi 300 ṣe? Ta ló ń gbé lọ́ọ̀dùsípíkà mọ́ṣáláṣí bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ bátìrì náà nìyẹn. Kì í ṣe orin ló ń jẹ ẹ́. IC yẹn ń mu nǹkan bíi mílíáńpù 6 lásán, bí kò tilẹ̀ sí orin kankan. Tí o bá so ó tààrà mọ́ bátìrì 3.7, mílíáńpù 6 náà ni bátìrì máa san. Tí bọ́ọ̀sìtà bá wà láàárín wọn, 6 ti orí fóltì 9 ti di bíi 15 lára bátìrì, bọ́ọ̀sìtà á tún bu tiẹ̀ sí i. Já wáyà pupa bátìrì, ki mítà sí àárín lórí mílíáńpù, má fi orin sí i, kí o wò ó fúnra rẹ. Bí o bá rí 18, má ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo. Bátìrì àtijọ́ tí wọ́n kọ 800 mAh (mílíáńpù-wákàtí) sí lára, ká ní 600 ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Pín 600 sí 18, wákàtí 33 ni. Ká sọ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́ Ajé lo yọ ọ́ lẹ́nu ṣájà, aago mẹ́fà ìdájí Ọjọ́rú ló kú yẹn. Láìsí bọ́ọ̀sìtà, 600 yẹn kan náà á gbé e fún wákàtí 100. Ra fólíùmù tó ní súwíìṣì lára, èyí tó máa ń dún kẹ́ bí o bá yí i dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbàgbé á parí.

Fííí yẹn náà, bọ́ọ̀sìtà ni. MT3608 ń tàn, ó ń kú, ní ìgbà mílíọ̀nù kan ó lé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, etí ọmọ ènìyàn ò lè gbọ́ ìyẹn. Àmọ́ bí ẹrù tó gbé bá fúyẹ́ bíi tìrẹ yìí, á ṣe díẹ̀, á sinmi, á tún ṣe díẹ̀, ṣíṣe-àsinmi yẹn ló ń bọ́ síbi tí etí ti lè gbọ́ ọ. Mo tún fẹ àwòrán tí o fi ránṣẹ́ lójú fóònù mi: wáyà pupa tó ti jáàkì wá sí fólíùmù, orí kọ́ìlì bọ́ọ̀sìtà gan-an ló gbà kọjá, ó fi ara lé e bí ẹni fẹ́ sùn. Báwo ni kò ṣe ní gbé ariwo?

Ó ku ṣìììì. Rẹsístọ̀ èyíkéyìí (ohun tó ń dí iná lọ́nà, ohm la fi ń wọn ìdínà rẹ̀, fólíùmù náà jẹ́ ọ̀kan), bí o kò tilẹ̀ fi iná sí i, ooru ara rẹ̀ ń dá ariwo sílẹ̀. J. B. Johnson ló wọn ariwo yìí ní Amẹ́ríkà, tó kọ ọ́ jáde ní 1928. Bí ohm bá ṣe pọ̀ sí i ni ariwo ń pọ̀ sí i. Fólíùmù 100k tí o yí dé àárín ń dá bíi máíkíróòfóltì 3 sílẹ̀ láàárín ohun tí etí lè gbọ́. 10k ò ní pé 1. Máíkíróòfóltì 3 kò tó nǹkan, àfi pé TDA2822M ń sọ ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀ di nǹkan bí ìlọ́po 90, ó ń fi ariwo tiẹ̀ náà kún un, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti so ìlọ́po yẹn mọ́, o ò lè tú u. Fóònù tí ò ń so mọ́ ọn ti ń gbé bí ìdajì fóltì jáde, bẹ́ẹ̀ fóltì 0.18 ló máa fún hẹ́dífóònù rẹ ní mílíwáàtì 1 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ni ìlọ́po 90 ń wá níbẹ̀?

Olùkọ́ rẹ lè má fara mọ́ èyí, àmọ́ tèmi ni pé kí o gbé TDA2822M kúrò, kí o wá TDA1308. Hẹ́dífóònù ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Fóltì 3 sí 7 ló ń lò, mílíáńpù 3 ló ń mu lásán, ìwọ fúnra rẹ lo sì máa fi rẹsístọ̀ yan ìlọ́po tó wù ọ́. Fi 10k sí ẹnu ọ̀nà, kí o fi 20k láti ẹnu ìjáde padà wá, ìlọ́po 2 nìyẹn, ó pọ̀ tó. Ibì kan wà tí ẹ̀yin ọmọ iléèwé kì í kà sí: ìdajì fóltì bátìrì tí IC máa fi ṣe àárín. Rẹsístọ̀ 47k méjì ló ń pín in, ó dára, ṣùgbọ́n tí o kò bá fi kàpásítọ̀ 100 µF (ohun tó ń gba iná pamọ́ díẹ̀) láti ibẹ̀ lọ sí áàtì (ìyẹn wáyà òdì bátìrì), gbogbo ariwo orí bátìrì á gba ibẹ̀ wọlé, wàá sì máa bú IC tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Tà-tà-tà kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Fóònù tó bá wà lórí GSM (2G) máa ń já ọ̀rọ̀ sọ sí máàsìtì ní ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà gígùn inú ẹ̀rọ rẹ sì ti di ẹríálì. Gé wáyà yẹn kúrú, fi rẹsístọ̀ 1k sí ẹnu ọ̀nà, kí o so kàpásítọ̀ 1 nF láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí áàtì. Lẹ́yìn náà, gbé gbogbo rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, kí o so agolo mọ́ áàtì. Rírẹwà ò sí níbẹ̀, mo mọ̀.

Kí n tó gbàgbé: TDA2822M tó ń ṣiṣẹ́ dé fóltì 1.8 á fa bátìrì lithium rẹ gbẹ títí á fi bàjẹ́, kò ní dúró. Bóọ̀dù ìṣáájì TP4056 wà tó ní ààbò lára, tó máa ń já bátìrì bó bá ti lọ sílẹ̀ jù. Ìyẹn ni kí o rà, má ra èyí tí kò ní.

ÌBÉÈRÈ: Oníṣẹ́ rédíò, ẹ ǹ lẹ́ ńbẹ̀ un. Dadakúàdà ni mo máa ń gbọ́ lálẹ́ nínú rédíò mi, mo máa ń ki íápíìsì bọ etí kí ará ilé lè sùn. Láti ìgbà tí ọmọkùnrin kan ti tún un ṣe, ìlù ti di bí ìgbà tí wọ́n ń lu agolo. Ọmọ ọmọ mi tú u wò, ó ní 10 ló wà lára kàpásítọ̀ méjì tó fi sí i, èyí tó yọ jẹ́ 220.
Bàbá Pákátà

ÌDÁHÙN: Bàbá, ọmọ ọmọ yín ti parí iṣẹ́ náà. Ohùn gbọ́dọ̀ gba inú kàpásítọ̀ yẹn kọjá kó tó dé etí yín. Lórí íápíìsì ohm 32, èyí tó jẹ́ 220 µF ń jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ kọjá dé bíi 23 Hz (ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 23 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Èyí tó jẹ́ 10 µF ti ń dín ohùn kù láti nǹkan bíi 500 Hz lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹran ara ìlù wà. Ẹ ní kó dá 220 padà, kí ẹsẹ̀ tó ní àmì ìròpọ̀ kọjú sí IC. Ó lè dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ẹ bá tan rédíò, ẹ má bẹ̀rù. Fóònù ìgbàlódé kì í sábà lò ó mọ́, IC inú wọn ti ń ṣe fóltì òdì fúnra rẹ̀ tí ohùn fi dúró lórí òǹfo, àmọ́ rédíò yín ò sí nínú ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo ń tún fóònù ṣe ní Tánkẹ́. Oníbàárà kan ní kí n so PAM8403, IC ańpílífáyà kan, mọ́ jáàkì hẹ́dífóònù fún òun. Mo pa wáyà òdì ọ̀tún àti tòsì pọ̀ sí áàtì bí jáàkì ṣe fẹ́, ni IC bá gbóná fòò.
Ìyá Àwáwù

ÌDÁHÙN: Ìyá Àwáwù, ẹ tètè tú u. Ní PAM8403, wáyà òdì kì í ṣe áàtì, ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń ti ohùn jáde, ọ̀kan ń lọ, èkejì ń bọ̀. Bí ẹ bá ti pa wọ́n pọ̀ sí áàtì, ẹ ti fi iná kan iná. Jáàkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ń pa òdì ọ̀tún àti tòsì pọ̀, ò lè bá a ṣiṣẹ́. Sípíkà kéékèèké ni wọ́n ṣe é fún, wáàtì 3 ló lè gbé lórí fóltì 5, ẹ má gbé ìyẹn sí etí oníbàárà. Ẹ fún un ní TDA1308 tí mo sọ fún ọmọ Ọ̀fà. Tó bá kọ̀, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un.