David Lee àti owó ọdún mẹ́fà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, kóòṣì. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń jiyàn lórí David Lee, tó ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n fún ẹgbẹ́ Knicks ti New York, nínú ìdíje NBA ní Amẹ́ríkà. Ní sáà 2009-10, ó ń ju pọ́ìǹtì 20.2 nínú ìdíje kan, ó sì ń he bọ́ọ̀lù 11.7 tó bá ta padà lára agbọ̀n. Àdéhùn rẹ̀ parí, Knicks sì jẹ́ kó lọ. Ṣé ojú wọn fọ́ ni? Báwo lẹ ṣe máa ń díye lé irú agbábọ́ọ̀lù iwájú bẹ́ẹ̀? (Òǹkàwé, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ojú wọn ò fọ́. Ohun tí ẹ ò kọ sí i ni pé Knicks pàdánù ìdíje 53 nínú 82 lọ́dún yẹn. Ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi náà ṣì ní láti rẹ́ni ju bọ́ọ̀lù sí agbọ̀n. Eré sísá ni kóòṣì wọn, Mike D'Antoni, sì fẹ́ràn: bọ́ọ̀lù pọ̀ nílẹ̀ fún ẹni tó bá lè ṣà á.

Lee mọ̀ ọ́n gbá o. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ó sì mọ bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n abẹ́ agbọ̀n ni wọ́n ní kó máa ṣọ́, òun tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 9, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ẹlòmíì dànù lókè.

Nígbà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé kan n'Ìbàdàn, ọmọkùnrin kan wà tó ń ju ìdajì pọ́ìǹtì wa. Mo la ìwé mi sí méjì: ohun tó jù, àtohun tí ẹni tí òun ń ṣọ́ jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi mọ̀ pé gbèsè ló ń jẹ wá.

Ọjà náà tún wà ńbẹ̀. Ìyá mi tó ta iṣu ní Bódìjà kì í dá iye lé iṣu láìwo iye ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́dún 2010, LeBron James, Chris Bosh, Carlos Boozer àti Amar'e Stoudemire, àwọn ìlú-mọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù, ni wọ́n jọ wà lọ́jà. Knicks fún Stoudemire ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 dọ́là fún ọdún 5 (orúnkún rẹ̀ ò kúkú jẹ́ kí wọ́n gbádùn owó náà), wọ́n wá fi Lee gba agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Golden State. Àwọn yẹn fún un ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 80 fún ọdún 6.

Ó ṣiṣẹ́ fún wọn, kódà ó wà nínú All-Star 2013, ìyẹn ìdíje àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù NBA. Àfìgbà tó fi iṣan itan pa lọ́dún 2014 tí Draymond Green, tí wọ́n jọ wà ní Golden State, bọ́ sí ipò rẹ̀. Pọ́ìǹtì tí Green ń jù ò tó tirẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò lè ṣọ́. Ìdíje 67 nínú 82 ni Golden State jáwé olúborí ní sáà yẹn, wọ́n sì gba ife NBA.

Tó bá jẹ́ èmi, màá sanwó fún Lee, ṣùgbọ́n ọdún 4 ni. Ẹni ọdún 27 ni nígbà náà. Ẹ ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wá fídíò sáà 2009-10, kó ka iye tí ẹni tí Lee ń ṣọ́ ń jù, kó fi ránṣẹ́ sí mi.