Ṣé òwe èèkù idà dá Hamlet láre?

Ẹni tó béèrè ìtumọ̀ òwe náà, "Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni," fẹ́ mọ̀ bóyá ó dá Hamlet láre, ọmọ ọba Dẹ́ńmáàkì nínú eré tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1600, ẹni tí iwin baba rẹ̀ sọ fún pé Claudius, àbúrò òun tó jọba lẹ́yìn òun, ló da májèlé sí òun létí, tí ọmọ náà sì ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la lórí ẹ̀san títí ilé wọn fi tú.

Èèkù ni ibi tí a ti ń di idà mú. Ẹni tó bá fi ọwọ́ gbá irin idà mú, ara rẹ̀ ni yóò gé. Òwe náà kò ní kí a gbàgbé baba wa, bẹ́ẹ̀ ni kò yin ojo. Ọ̀rọ̀ kékeré nì, "tíì", ni kí a tẹ́tí sí jù lọ, nítorí pé ẹni tó pa baba ẹni sábà máa ń wà nípò agbára, ẹni tó bá sì dìde béèrè láìtíì ní agbára tirẹ̀ yóò bá baba rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n "tíì" yìí kan náà ló ń di ẹrù lé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ èèkù lórí: láti ọjọ́ náà lọ, àwáwí tán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, mo gbà pé Hamlet jàre. Kò ní ẹ̀rí, ó sì lè jẹ́ ẹ̀mí burúkú ló gbé àwọ̀ baba rẹ̀ wọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí àwọn òṣèré fi irú ikú náà ṣeré lójú ọba, tí Claudius sì fò dìde. Ìwádìí lèyí, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ìran tó tẹ̀ lé e ni òwe náà ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó bá ọba lórí ìkúnlẹ̀ níbi tó ti ń gbìyànjú àdúrà, ó fa idà yọ, ó sì tún dá a padà sínú àkọ̀, ó ní bí òun bá pa á lẹ́nu àdúrà, ọ̀run rere ni yóò lọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí èèkù gan-an! Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló gún ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé láìwo ojú rẹ̀, Polonius, olùdámọ̀ràn ọba, sì kú.

Àwọn kan máa ń fi Laertes, ọmọ Polonius, hàn wá gẹ́gẹ́ bí akin: ó ti Faransé dé, ó kó èrò ja ààfin, ó ní òun yóò gé ọ̀fun Hamlet nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Claudius ló tọ́ka idà tí kò ní ìdérí fún un, Laertes fúnra rẹ̀ ló sì fi májèlé ra ẹnu idà náà. Ó rò pé ọwọ́ òun ti tẹ èèkù, láìmọ̀ pé ọwọ́ apààyàn ló ń lo ọwọ́ òun.

Nígbà tí Hamlet àti Laertes wọ̀yá ìjà, Laertes fi idà olóró náà ṣá Hamlet, lẹ́yìn náà idà pààrọ̀ ọwọ́, èèkù rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Hamlet, òun náà sì fi ṣá Laertes. Laertes tó ń kú lọ jẹ́wọ́ fún un pé Hamlet náà kò ní ààbọ̀ wákàtí mọ́ láyé, ọba ló sì fà á. Hamlet kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ó gún ọba lójú ẹsẹ̀.