"Fr." kì í ṣe Fáda

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o, arábìnrin wa. Ẹ ní nínú ìwé ìrìbọmi ìyáńlá ìdílé yín ní Bahia, nílẹ̀ Brazil, ọdún 1791, "Fr." wà níwájú orúkọ ọkùnrin kan, "Vigº" sì wà lẹ́yìn orúkọ ẹlòmíì tó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ẹ wá ń bèèrè ta ló da omi lé ọmọ lórí.

Ẹni tó ní "Fr." ni. Ẹ má kà á sí Fáda bí èmi ti ṣe. Odindi oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wá orúkọ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn àlùfáà páríìṣì, n kò rí nǹkan kan. Àṣé Frei ni lédè Pọ́túgà, ìyẹn Arákùnrin: ọmọ ẹgbẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ni, bíi ti Fransisi Mímọ́ tàbí ti Kámẹ́lì, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Padre ni Fáda tiwọn, "Pe." ni wọ́n máa ń gé e sí. (L'Ékòó ńkọ́? Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Brazil, ń pe ẹnìkan ní Padre Antonio, ẹni tó ń darí àdúrà wọn kí àwọn fáda ará Faransé tó dé, bẹ́ẹ̀ a kò fi í jẹ àlùfáà rí. Orúkọ ẹnu lásán nìyẹn.)

Kí ló wá dé tí ẹlòmíì fi fọwọ́ sí i? Òfin tí bíṣọ́ọ̀bù àgbà Bahia gbé kalẹ̀ ní 1707 fi ìwé ìrìbọmi sí ìkáwọ́ olórí páríìṣì. Bí ẹlòmíì bá ṣe ìrìbọmi, olórí á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló yọ̀ǹda: "de minha licença". Gbólóhùn yẹn ni kí ẹ máa wá.

Vigário ni "Vigº" yẹn. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á rò pé igbákejì ni. Rárá o, olórí páríìṣì gan-an ni; Coadjutor ni igbákejì rẹ̀. Bí wọ́n bá fi "colado" kún un, ọba Pọ́túgà ló fà á kalẹ̀, kò sì ṣeé yọ bọ̀rọ̀. "Encomendado" ni ti ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù kàn fi dí àyè fún ìgbà díẹ̀, ìdí nìyẹn tí irú wọn fi ń yí padà nínú ìwé lemọ́lemọ́. Ẹ ṣọ́ra fún "Vigário da vara": adájọ́ ìjọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni tirẹ̀.

Ẹ padà wo àárín ìwé náà dáadáa, bóyá ẹ ó rí "capela". Ilé àdúrà inú oko ìrèké ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀ síbí bí ẹ bá rí i, nítorí orúkọ capela ló mú èmi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ra ìyáńlá ìdílé tiwa.