Ẹ kọ́ wọn láti ka ọjọ́: ìbomirin oko ìrẹsì àti ìdènà ibà

Ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ ní láti fi kọ́ àwọn olùṣèwádìí tuntun bí oko tí à ń bomi rin kò ṣe ní di ibi tí ẹ̀fọn ti ń pọ̀ sí i, àti pé ìdajì wọn jẹ́ onímọ̀ ọ̀gbìn, ìdajì tó kù jẹ́ onímọ̀ kòkòrò. Kí ni kí ẹ fi ṣáájú? Ẹ fi kíka ọjọ́ ṣáájú. Àwọn ti ọ̀gbìn ń ka ọjọ́ ìrẹsì, àwọn ti kòkòrò ń ka ọjọ́ ẹ̀fọn, wọn kì í sì í gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Ẹ ya kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo sára ògiri. Ẹ kọ ọjọ́ ìrẹsì sókè: ọjọ́ tí wọ́n ṣí i gbìn, ọjọ́ ajílẹ̀, ìgbà tó tanná, ìkórè. Ẹ kọ ti ẹ̀fọn sísàlẹ̀. Ẹyin Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, ń pa lẹ́yìn ọjọ́ 2 sí 3, tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn inú omi, á la ìpele 4 kọjá, yóò wá ká kò bíi kọ́mà, kò ní jẹun mọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 2, kó tó fò. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 7 sí 14, bí omi bá ṣe gbóná tó. Oko tí omi dúró lórí rẹ̀ fún ọjọ́ 12 kí wọ́n tó jẹ́ kó gbẹ lè ti bí ẹ̀fọn tán.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó mú wọn dé ìdí páìpù tí àgbẹ̀ fi ń mọ ìgbà tí oko tí wọ́n ń jẹ́ kó gbẹ tún nílò omi. Ọ̀nà tí IRRI, ilé ìwádìí ìrẹsì àgbáyé ní Philippines, ń kọ́ àgbẹ̀ ni pé kí wọ́n mú páìpù ike tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí wọ́n lu ihò sí i lára, kí wọ́n ri sẹ̀ǹtímítà 20 mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ jáde. Bí omi inú páìpù bá ti lọ sí sẹ̀ǹtímítà 15 nísàlẹ̀ ilẹ̀, wọ́n á tún fi omi kún oko títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 5. Láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìtànná sí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, omi kò gbọ́dọ̀ wọ́n lóko, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọkà á yọ òfìfo.

Páìpù yìí dára fún fífi omi pamọ́, àmọ́ kò mọ ẹ̀fọn. Ó lè fi hàn pé omi ti wọlẹ̀, síbẹ̀ kí omi ṣì wà nínú àpá ẹsẹ̀ màlúù, nínú ipa ọkọ̀ ìtúlẹ̀ àti nínú poro tó ń gbé omi wá. Tanwíjí lè wà láàyè lórí ẹrẹ̀ tútù lásán fún ọjọ́ mélòó kan, kí omi tó tún dé bá a. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ “ó gbẹ” sílẹ̀, kó kọ́kọ́ rìn yí oko ká. Ilẹ̀ tí kò tẹ́jú ni ọ̀tá tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí, mo sì gbà pé odidi ọjọ́ kan lórí títẹ́ ilẹ̀ wúlò ju ọjọ́ mẹ́ta lórí oògùn lọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé àsìkò tí ewé kò tíì bo omi, tí oòrùn ṣì ń ràn sí i, ni Anopheles arabiensis àti àwọn ìbátan rẹ̀ fẹ́ràn jù. Tí ewé bá ṣíji bò ó, wọ́n á dínkù, ẹ̀yà mìíràn, Anopheles funestus, sì lè gba ipò wọn. Ajílẹ̀ onínaítírójìn tún máa ń mú kí tanwíjí pọ̀ sí i, torí náà ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá fọ́n ọn ni kí wọ́n ṣọ́ oko jù.

Fún gbígbọ́n omi láti ka tanwíjí, ìgbákọ tó gba mílílítà 350 ni wọ́n ń lò. Kí òjìji akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe bọ́ sórí omi, torí tanwíjí á rì. Kó dagun ìgbákọ díẹ̀, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kó tó tún gbọ́n. Èyí tó na ara rẹ̀ gbọọrọ lójú omi ni Anopheles; èyí tó dorí kodò, tó fi ọ̀pá ìmí rọ̀, kì í ṣe òun. Àṣìṣe tí mo rí jù ni kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kí wọ́n ya kékeré sọ́tọ̀, àgbà sọ́tọ̀, oníkọ́mà sọ́tọ̀. Kékeré púpọ̀ láìsí oníkọ́mà túmọ̀ sí pé gbígbẹ náà ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó fún bakitéríà Bti tí wọ́n ń fọ́n sómi náà: ó ní láti wọ ikùn kó tó pa tanwíjí, kò sì lè ṣe oníkọ́mà ní ohunkóhun.

Síbẹ̀, iye tanwíjí kì í ṣe iye ibà. Àwọn olùwádìí Ijumba àti Lindsay kọ ọ́ ní 2001 pé ẹ̀fọn lè pọ̀ lábúlé oníresì kí ibà má pọ̀ ju ti abúlé mìíràn lọ, nítorí owó tó wọlé, nẹ́ẹ̀tì àti ẹran ọ̀sìn. Bí ibi kọ̀ọ̀kan ṣe rí yàtọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí ṣe àwíjàre. Kí wọ́n wọn abúlé tí kò ní ìbomirin pẹ̀lú, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, torí ẹ̀ẹ̀rùn ni ìbomirin ti ń yí nǹkan padà jù. Kí pàkúté oníná tó ń mú ẹ̀fọn wà níbi ẹsẹ̀ ẹni tó sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, kó ga ní mítà 1.5 sókè ilẹ̀, láti agogo 6 ìrọ̀lẹ́ sí agogo 6 àárọ̀.

Oògùn kòkòrò oko wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá bá ti ara nẹ́ẹ̀tì tan, ó ń kọ́ ẹ̀fọn láti fara dà á, ó sì ń pa lámilámi kékeré inú omi tó ń jẹ tanwíjí. Ìdánwò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ìfaradà yìí rọrùn: abo ẹ̀fọn 20 sí 25 nínú ọpọ́n kan, tó ti lo ọjọ́ 3 sí 5 láyé, tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀, wákàtí 1 pẹ̀lú bébà olóògùn, kí a ka òkú lẹ́yìn wákàtí 24. Bí òkú bá jẹ́ 98% sókè, oògùn ṣì ń pa wọ́n. Kò tó 90%, wọ́n ti ń fara dà á.

Ní ìparí ìkórè, ẹ wọn ìrẹsì náà. Ẹ gé e láti àárín oko, kì í ṣe ẹ̀bá bèbè, kí ẹ sì ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ sí ọ̀rinrin 14%, kí oko tí wọ́n ń jẹ́ kó gbẹ àti èyí tó kún fún omi lè ṣeé fi wé ara wọn. Àgbẹ̀ yóò béèrè nọ́ńbà yẹn kó tó béèrè iye ẹ̀fọn.