Nọ́ńbà bára mu, ìyẹn ò ní kí fáìlì mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Torí pé mégà wọ́n, ọ̀rẹ́ mi kan ní Àjàṣẹ́ bá mi da Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí kílé USB. Ó kọ nọ́ńbà sha256 rẹ̀ (àmì tí wọ́n fi ń dá fáìlì mọ̀) sínú fáìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò ní Kétu níbí, méjèèjì bára mu. Ṣé kò sí kòkòrò (virus) nínú rẹ̀ nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń kọ́ yín pé "bó bá ti bára mu, ó ti mọ́."

Sha256sum kì í wá kòkòrò. Ńṣe ló ń ka gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì, tó sì ń ṣírò rẹ̀ di àmì 64. Lánàá, mo fi kọ́mà kan ṣoṣo kún lẹ́tà kan, gbogbo àmì náà dà rú. Nítorí náà, bí fáìlì bá bàjẹ́ lọ́nà, wàá mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ló wá kọ nọ́ńbà tí o fi wé e? Orí kílé kan náà ló ti wá! Ẹni tó bá pààrọ̀ àgbàdo inú àpò, á pààrọ̀ ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára àpò. Mi ò pe ọ̀rẹ́ rẹ lólè. Òun náà lè ti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn ọ̀daràn wọ ojúlé Linux Mint, ètò kan tó jọ Ubuntu, wọ́n sì darí àwọn èèyàn sí fáìlì tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀, kí wọ́n lè ráàyè wọ kọ̀ǹpútà wọn.

Má tún gba fáìlì ńlá yẹn. Lọ sí releases.ubuntu.com, wá ẹ̀dà tìrẹ, kí o mú SHA256SUMS (àkọsílẹ̀ nọ́ńbà náà) àti SHA256SUMS.gpg (ìbuwọ́lùwé rẹ̀). Àwọn méjèèjì ò tó mégà kan. Kó wọn sínú fódà tí fáìlì náà wà, ṣí terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) nínú fódà yẹn, kí o tẹ:

gpg --verify SHA256SUMS.gpg SHA256SUMS
sha256sum -c --ignore-missing SHA256SUMS

Ti àkọ́kọ́ ń wo ìbuwọ́lùwé àwọn tó ṣe é. Bó bá ní "No public key", gba kọ́kọ́rọ́ wọn (èyí tí gpg fi ń dá ìbuwọ́lùwé wọn mọ̀), kí o sì fi nọ́ńbà gígùn rẹ̀ wé èyí tí Ubuntu kọ sójúlé wọn, lẹ́tà sí lẹ́tà. "Good signature" ni kí o rí, lẹ́yìn náà "OK" nísàlẹ̀ ti kejì.

Síbẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún kílé yẹn. Má tẹ fáìlì míì kankan tó bá wà lórí rẹ̀.