Èsì: Búrẹ́dì àjẹkù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àrọ̀ àti fáírọ́ọ̀sì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá búrẹ́dì àjẹkù tí ẹ ń dà sí pọ́ńdù yín l'Abẹ́òkúta lè jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì tètè mú àwọn àrọ̀ yín. Ó ṣeé ṣe, torí sítáàṣì inú búrẹ́dì máa ń di ṣúgà nínú ara. Ṣúgà kì í tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹja bíi ti èèyàn, bẹ́ẹ̀ ṣúgà inú sẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì fi ń rí agbára bí sí i. Àmọ́ ara àrọ̀ ṣáà lè gba sítáàṣì díẹ̀.

Bí ẹja ṣe pọ̀ jù nínú pọ́ńdù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń nàró lójú omi láàárọ̀? Ara ń ni wọ́n ni. Ìnira yẹn ń gbé ṣúgà sókè, ó sì ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Ẹ dín wọn kù, ẹ pààrọ̀ omi. Ẹ má tú kápúsù tẹ̀tírà síbẹ̀ o, oògùn bakitéríà ni, kì í pa fáírọ́ọ̀sì.