Ẹ Jẹ́ Kí Yàrá Ṣe Ìtàn: Ìbéèrè Yín lórí Ọ̀ṣọ́ Inú Ilé

Mo fẹ́ ṣí ilé ìtura kékeré kan ní Ìbàrà, mo sì fẹ́ kí àlejò mọ̀ pé Abẹ́òkúta ni òun dé. Akunlé ní òun á ya Òkúta Olúmọ sí gbogbo ògiri ibi ìgbàlejò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbáwọlé gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó fẹ̀ ní 5. Ibi ìgbàlejò jẹ́ 14 sí 16. Àjà méjèèjì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Kí ni ẹ rí sí i? (Onílé ìtura, Ìbàrà)

Mà, ẹ ní kí akunlé dúró ná. Olúmọ ò jìnnà sí Ìbàrà. Bó bá di ọ̀la, àlejò yín á lọ gùn ún, àwòrán kankan ò sì lè bá òkúta náà du ipò. Ohun tí Olúmọ ṣe fún Ẹ̀gbá ni kí ẹ wá, kì í ṣe bó ṣe rí lójú. Nígbà tí ogun lé wọn dé ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, abẹ́ òkúta yìí ni wọ́n forí pamọ́ sí, ibẹ̀ sì ni ìlú ti gba orúkọ. Títí dòní, èèyàn ṣì lè rí ojú ihò tí wọ́n fi ń lọ ata lára òkúta níbẹ̀. Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ á tẹríba, òkùnkùn díẹ̀ á bò ó, lẹ́yìn náà á jáde sí gbangba, á sì rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ. Àárín ìtẹríba àti ìjáde yẹn ni ìtàn náà wà. Àwọn onítíátà ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ tipẹ́: wọ́n á pa iná rẹ́ díẹ̀ kí ọba tó yọ.

Nítorí náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ni ihò, ibi ìgbàlejò ni gbangba. Ẹ ní kí káfíńtà sọ àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 7 àbọ̀. Kó lo pákó ìǹṣì 2 sí 2, kó fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sáàárín wọn, kó sì kàn wọ́n mọ́ igi àjà gan-an. Bó bá kàn wọ́n mọ́ pátákó sílìn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á já wálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kó fi ojú ihò ìǹṣì 18 sí 18 sílẹ̀ fún oníná. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àbáwọlé gbalaja, kí ẹ rí i pé orí rẹ̀ kò ní há mọ́ àjà tuntun náà.

Ẹ kun àjà yẹn àti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àwọ̀ kan ṣoṣo, bíi àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó ti ṣú. Bí àjà bá funfun tí ògiri ṣú, ojú á rí ìlà tó pín wọn níyà, á sì mọ̀ pé àpótí lásán ni.

Ògiri apá kan ṣoṣo ni kí bírikìlà rẹ́ ní gbàgìdìgbagidi bí ara òkúta. Kó kọ́kọ́ fi àáké kékeré ṣá ọ̀dà àtijọ́ kúrò, nítorí sìmẹ́ńtì kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Ẹ fomi rin ògiri náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Garawa sìmẹ́ńtì 1 sí garawa yanrìn olójú ńlá 4 ni kó pò. Kó rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀méjì, kó fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ àti àpò ìrẹsì tó ti rin fa ojú ti ẹ̀ẹ̀kejì kó tó gan. Ẹ máa bu omi sí i fún ọjọ́ 7. Ẹ má kun ún kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: èyí tí wọ́n bá sáré kùn máa ń hu funfun bí iyọ̀, ọ̀dà á sì máa ṣí.

Iná ló kù, òun gan-an ló sì máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹ gbé gílóòbù kékeré méjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, kí ìǹṣì 8 wà láàárín iná àti ògiri, kó máa tàn sókè. Bó bá jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 3, gbogbo gbàgìdìgbagidi yẹn á tẹ́ pẹrẹsẹ lójú, owó bírikìlà á sì ṣòfò. Ẹ wá 2700K lára páálí gílóòbù, ìyẹn àmì iná tó pọ́n díẹ̀. Iná funfun bíi ti ilé ìwòsàn á sọ òkúta di eérú. Ẹ jẹ́ kí ògiri ẹ̀yìn tábìlì ìgbàlejò mọ́lẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó kéré tán. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àlejò kò ní mọ̀ pé òun ti jáde sí gbangba. Ẹ má fi àtẹ̀gùn tàbí òkè pẹ́tẹ́ kankan sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, kí ẹ sì fi iná oníbátìrì kan síbẹ̀, torí ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ.

Mo ra àdìrẹ yáàdì 5 méjì ní Ìtòkú láti fi ṣe kọ́tìnì pálọ̀. Fèrèsé mi fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Mo fi ọ̀kan kọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ti fi aró kun ògiri funfun mi, aáyán sì ti jẹ etí rẹ̀. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? (Ìyàwó tuntun, Ọbáńtókò)

Rárá o, ó jọ pé ojúlówó ni. Aró tó ń kun ògiri yín ni èyí tó jókòó sórí òwú láìwọnú rẹ̀. Iyọ̀ àti ọtí kíkan tí wọ́n máa ń ní ká fi sí i kò lè mú irú aró bẹ́ẹ̀ dúró. Ńṣe ni kí ẹ ṣàn án kúrò. Ẹ rì í sínú bàsíà omi tútù, láìsí ọṣẹ, ẹ fún un, ẹ da omi náà nù, ẹ pọn òmíràn, títí omi á fi mọ́. Ó lè gbà tó omi mẹ́jọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu omi afọṣọ tó ń sọ aṣọ di funfun sí i.

Ní ti aáyán, ẹ̀kọ ló ń jẹ, kì í ṣe aṣọ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni tiyín. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ya ọnà rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró; ní Abẹ́òkúta wọ́n tún máa ń fi páànù tí wọ́n gé ọnà sí tẹ ẹ̀kọ náà sára aṣọ. Bí wọn kò bá họ ọ́ kúrò tán, ẹ ó rí i lójú funfun ọnà náà: ó le díẹ̀, ó ń dún pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ bí ẹ bá fi èékánná kàn án. Ẹ rẹ aṣọ náà sómi mọ́jú, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ṣíbí họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́ ibòòji ni kó ti gbẹ.

Ẹ má jẹ́ kí télọ̀ fi sísọ́ọ̀sì kàn án kí gbogbo èyí tó parí, torí ó lè súnkì. Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Yáàdì 5 jẹ́ ìǹṣì 180. Bí ẹ bá gé e sí ìǹṣì 90, ẹ rí ewé méjì láìṣẹ́kù: ìǹṣì 80 ni kọ́tìnì, 10 ni ìṣẹ́tí òkè àti ìsàlẹ̀. Àmọ́ bí télọ̀ bá ní kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7, pẹ̀lú ìṣẹ́tí ó di 94, ewé kan ṣoṣo lẹ ó rí nínú yáàdì 5, èyí tó kù á di àkísà. Pálọ̀ púpọ̀ ni wọ́n ti ṣe àṣìṣe yìí. Bí aṣọ bá súnkì, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ pín in sí méjì lọ́gbọọgba. Ewé mẹ́rin tó fẹ̀ ní ìǹṣì 45 fún yín ní 180 fún fèrèsé ìǹṣì 72: ó lé ní ìlọ́po méjì, á ká dáadáa. Bí kò bá tó ìlọ́po méjì, á na gbọọrọ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Ẹ rán aṣọ funfun kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí oòrùn má baà ṣá aró náà, kí ọ̀pá kọ́tìnì sì yọ ní ìǹṣì 4 kúrò lára ògiri. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tún fi àdìrẹ ṣe tìmùtìmù àti aṣọ tábìlì nínú yàrá yẹn. Ta ni yóò gbè é bí gbogbo ilé bá jẹ́ adárin?

A ní gbọ̀ngàn ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 30 ní Kútọ̀. A fẹ́ kó rí bíi tíátà Ògúǹdé. A ti ra kọ́tìnì pupa, a sì fẹ́ gbé ẹ̀kú eégún méjì kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. (Ọ̀dọ́kùnrin méjì, Kútọ̀)

Ẹ̀kú eégún kọ́. Ilé ẹni tó ni ín ló ń gbé, orò rẹ̀ sì wà lára rẹ̀; kì í ṣe ohun à ń gbé kọ́. Bákan náà ni ohunkóhun tó bá jẹ́ ti Orò.

Kọ́tìnì pupa nìkan kò sì tó. Láti 1945 tí Ògúǹdé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà, ti dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń ru eré lọ. Tíátà tó ń rìn ni. Àwọn alárìnjó tó ṣáájú kò lo kọ́tìnì rárá: agbo ni wọ́n ń ṣe, àwọn èèyàn á sì yí wọn ká. Ohun tí gbọ̀ngàn yín nílò ni èyí tó ṣeé ká, tó ṣeé yí padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ kan pátákó mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, kí ẹ fi híńjì mẹ́ta-mẹ́ta so wọ́n pọ̀. Pákó ìǹṣì 2 sí 2 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, méje péré ló máa gbà. Nínú mẹ́fà, gé ẹsẹ̀ bàtà 8 fún òró àti 3 pẹ̀lú ìǹṣì 8 fún ìbú. Èkeje á fún yín ní ìbú àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi plywood tẹ́ẹ́rẹ́ bo iwájú àti ẹ̀yìn, mẹ́fà lápapọ̀. Ojú kan lè jẹ́ ọjà Ìtòkú, ojú kejì ààfin. Ẹ má dúró rẹ̀ gbọọrọ láé: bí kò bá ká ní igun, fáànù lásán á bì í ṣubú. Ẹ fi àpò yanrìn tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kí iná wá láti iwájú, ní òkè, ní ọ̀tún àti ní òsì, ní ìdagun tó tó dígírì 45. Iná tó bá wà lókè orí gan-an á sọ ihò ojú àlejò di dúdú, ẹnikẹ́ni kò sì ní fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀. Kí iná tó ń gbóná má súnmọ́ kọ́tìnì yín tó ẹsẹ̀ bàtà 3.

Mo fẹ́ fi Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, ṣe ọ̀ṣọ́ ọ́fíìsì mi, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ lẹ bébà mọ́ ògiri. (Lọ́yà, Òkè-Ìlewò)

Ẹ fi iye owó rẹ̀ ṣe é. Ní 1859 tí Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn náà níbí, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ogójì owó ẹyọ ni okùn kan, nítorí náà okùn mẹ́ta ni. Ẹ sín ogójì-ogójì sórí òwú funfun mẹ́ta, kí ẹ fi wọ́n sínú férémù onígíláàsì tó jìn ní ìǹṣì 2, lórí aṣọ aláwọ̀ aró, ní ẹ̀yìn àga yín. Nǹkan méjì péré ni kí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀: 1859, àti 120. Oníbàárà á béèrè. Ẹ to àwọn okùn náà sílẹ̀, kí ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ tó lọ ṣe férémù, torí owó ẹyọ tóbi jura wọn lọ. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, kí wọ́n gbẹ fún ọjọ́ méjì gbáko. Omi tó bá kù nínú wọn á di ìrì sára gíláàsì.